Táyé àti Kẹ́hìndé abẹ́ tábìlì wa ní Lágere

Àpótí irin kan wà lábẹ́ tábìlì ní yàrá ẹ̀yìn sítúdíò fọ́tò bàbá mi ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀. Sáfà ni, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí a ń kó iṣẹ́ wa pamọ́ sí. Ìkẹjà la ti rà á ní 2008. Windows Server 2003 ló ṣì wà lórí rẹ̀, èyí tí Microsoft ti dá ọwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró láti oṣù Keje 2015, ìdí nìyẹn tí n kì í fi í jẹ́ kó fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán ìgbéyàwó, ìkómọ, òkú àgbà, Ọlọ́jọ́, àwọn ọmọ yunifásítì tó wọ gáùn ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbé.

Hard disk méjì ló wà nínú rẹ̀, 500 GB lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a so pọ̀ bíi RAID 1. Ohun tí a bá kọ sára ọ̀kan, káàdì kan wà níbẹ̀ tó máa ń kọ ọ́ sára èkejì lójú ẹsẹ̀. Mo fi máákà kọ Táyé sí ọ̀kan, Kẹ́hìndé sí èkejì. Bàbá mi rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọjọ́ wo la máa se ẹ̀wà wọn.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Oníbàárà á dé, a ní ká wá orúkọ rẹ̀ jáde, la ó bá máa gbọ́ kà-kà-kà-kà lábẹ́ tábìlì bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo lórí páànù. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú kan kí orúkọ tó yọjú. Oníbàárà á ti máa wo aago.

Ìwé orúkọ oníbàárà yẹn gan-an ni wàhálà. Fáìlì kan ṣoṣo ni, ojoojúmọ́ ló sì ń gùn sí i. Bó bá ti gùn, Windows á wá àyè tó ṣófo, á sọ èyí tó kù síbẹ̀; disk tó ti ń kún kì í sì í ní àyè lójú kan. Nígbà tí mo tẹ defrag d: -a -v láti yẹ̀ ẹ́ wò, fáìlì yẹn nìkan ti fọ́ sí ọ̀nà 6,214. Disk wa ń yí ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, ìyípo kan ń gba nǹkan bíi millisecond 8, orí tó ń kàwé á sì tún fò láti ibì kan dé ibòmíràn kó tó dúró de ohun tó ń wá. Ẹ ṣírò rẹ̀. Kíkó àwọn ẹyọ yẹn jọ sójú kan ni wọ́n ń pè ní defrag. (Bí tiyín bá jẹ́ SSD, ẹ má ṣe é. Kò ní orí tó ń fò, ẹ kàn máa jẹ ẹ̀mí rẹ̀ lásán ni.)

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, síbẹ̀ mo fi í falẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí ẹnì kan ti bá wa ṣe é rí. Kó tó di pé iṣẹ́ yìí bọ́ sọ́wọ́ mi, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe sọ pé ewu ni kí ìbejì wà papọ̀ nígbà tí a bá ń ṣe defrag. Ó fa Kẹ́hìndé yọ, ó ṣe é lórí Táyé nìkan, ó wá ti Kẹ́hìndé padà sáàyè rẹ̀. Windows ò tiẹ̀ mọ̀ pé disk méjì ló wà lábẹ́ òun. Ẹyọ kan ló ń rí, káàdì ló mọ̀ pé méjì ni. Ká ní ó fi wọ́n sílẹ̀ papọ̀ ni, bí ẹyọ kan bá ṣe ń ṣípò lára Táyé ni ì bá máa ṣípò lára Kẹ́hìndé. Bó ṣe yọ ọ̀kan, wọn ò jọ ara wọn mọ́. Káàdì wá ní láti da Táyé kọ sára Kẹ́hìndé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àti ibi tó ṣófo pàápàá. Odindi òru ni, Táyé nìkan ló sì ru gbogbo àwòrán wa mọ́jú. Àárín òru náà ni iná lọ. Bàbá mi jókòó ti jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ohun tó ń ba èmi lẹ́rù yàtọ̀ sí tọ̀gbẹ́ni yẹn. Aṣọ tí a bá rà fún Táyé la ó rà fún Kẹ́hìndé, àmọ́ àìsàn tó bá mú Táyé níbí yìí, Kẹ́hìndé náà ti kó o nìyẹn. Bí fáìlì bá bàjẹ́ nígbà tí mo ń kó o kiri, ara méjèèjì ló ti máa bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, mo wá ẹnì kẹta.

Ní Sátidé, mo kọ́kọ́ ṣí ètò káàdì náà wò: méjèèjì ń ṣe dáadáa. Ká ní ọ̀kan ń ṣàìsàn ni, ǹ bá kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀ ná, torí iṣẹ́ àṣemọ́jú bẹ́ẹ̀ ló máa ń pa disk tó ti rẹ̀. Mo wá da gbogbo rẹ̀ kọ sórí disk ìta. USB ayé àtijọ́ ni, ó gba wákàtí márùn-ún. Mo gbé disk yẹn lọ sórí laptop mi, mo ṣí ogún àwòrán láti oríṣiríṣi ọdún, mo ṣí ìwé oníbàárà. Lẹ́yìn náà, mo ṣe chkdsk, ètò Windows tó ń yẹ disk wò, láìfi /f tó ń ṣe àtúnṣe sí i, kó kàn wò, kó má fọwọ́ kan nǹkan. Kò rí àléébù.

Àyè ló kù. Ètò inú Windows ń fẹ́ kí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ṣófo, tiwa ò ju 9 lọ. Mo kó àwọn fídíò ìgbéyàwó tí ẹnikẹ́ni ò wá gbà kúrò, ó di 21. Tọkọtaya kan wà nínú wọn láti 2013. A gbọ́ pé wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀, a ò mọ ta ni ká pè.

Ti iná ńkọ́? Defrag fúnra rẹ̀ kò burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ: ó máa ń da ẹyọ kan kọ síbi tuntun kó tó yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà, nítorí náà bí iná bá lọ lójijì, ti àtijọ́ ṣì wà ńbẹ̀. Káàdì wa ni mi ò gbára lé. Ó máa ń sọ fún Windows pé òun ti kọ nǹkan tán, kẹ́ ẹ sì wò ó, ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bátìrì tó yẹ kó bá a dì í mú sì ti kú tipẹ́. Mo pa write cache rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó nǹkan dúró sí kó tó kọ ọ́ sára disk. Iṣẹ́ falẹ̀ díẹ̀ nítorí rẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Mo ra bátìrì tuntun sínú UPS, àpótí tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ, mo sì fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri láti dán an wò: ìṣẹ́jú 18, èèyàn á ti tan jẹnẹrétọ̀.

Sọ́ńdè, aago méje alẹ́. Mo yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ẹnikẹ́ni má bàa kọ nǹkan sí i, mo pa antivirus, mo tẹ̀ ẹ́. Bàbá mi yọjú lẹ́ẹ̀mẹta.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé kò ní jẹ àwòrán mi?"

"Rárá, sà. Ẹ lọ sùn."

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ló parí. Fáìlì tó fọ́ sí ọ̀nà 6,214 ti di ẹyọ mẹ́ta, orúkọ sì ń jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin.

Ohun kan wà tí mo gbàgbé. Windows wa máa ń tọ́jú bí fáìlì ṣe rí lánàá àti lọ́sẹ̀ tó kọjá. Disk tí cluster rẹ̀, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù tó fi ń pín àyè, bá kéré sí 16 KB, tiwa sì jẹ́ 4 KB, ó lè ka ìṣípòpadà defrag sí àtúnṣe, kó máa tọ́jú ti àtijọ́ títí àyè tí a yà sọ́tọ̀ fún un á fi kún, kó wá máa da èyí tó pẹ́ jù nù. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, màmá mi ṣèèṣì pa orúkọ àwọn tó jẹ wá lówó rẹ́, wọ́n ní kí n bá àwọn mú un padà bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo wò ó, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò kọ́kọ́ rántí disk ìta. Orí ẹ̀ la ti rí i, gbèsè pé pérépéré.

Disk ìta náà ti wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìlódè báyìí, kó má bàa jẹ́ pé abẹ́ òrùlé kan náà ni gbogbo wọn wà. Wọ́n fi òfì wé e, wọ́n gbé e sínú àpótí pákó wọn. Wọ́n ní ṣé kò ní máa pariwo lóru.