Àdúrà Ìdájí ní Bàrígà àti ní Lọ́ńdọ̀nù

Àbúrò ìyá mi ló pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Ẹ̀yin tí iná kì í kú lọ́dọ̀ yín, tí jẹnẹrétọ̀ kì í di yín létí, ẹ ò ní àwáwí. Ó yẹ kí àdúrà ìdílé tiyín ju ti Èkó lọ." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Ní Bàrígà, aago 4:30 ìdájí ni bàbá mi máa ń lu agogo kékeré orí tábìlì pálọ̀. Marina ló ti ń ṣiṣẹ́. Afárá Third Mainland kò ju nǹkan bí kìlómítà 12 lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ilẹ̀ bá mọ́ bá kó tó gùn ún, àánú rẹ̀ á ṣe èèyàn. Orin kan, Sáàmù kan, àdúrà, oore-ọ̀fẹ́, ó tán. Ìṣẹ́jú 20.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Kí n tó délé láàárọ̀, ọkọ mi ti kó àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, ó sì ti gba ibi iṣẹ́ lọ. Ilé á pa lọ́lọ́. Tó bá di oṣù Kejìlá, tí òòrùn ò ní yọ títí di nǹkan bí aago 8:00, èèyàn ò tilẹ̀ mọ ìgbà tó ń jẹ́ ìdájí mọ́. Mo máa ń jókòó sétí ibùsùn, mo ṣí Bíbélì Yorùbá tí ìyá mi fi sínú báàgì mi lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀, mo dá orin. Ta ni yóò gbè é? Ohùn mẹ́fà ló ń kọ ọ́ nílé wa, bàbá mi á máa fi ohùn ìsàlẹ̀ tì í lẹ́yìn. Níbí, bí mo bá gbàdúrà tán, èmi náà ni mo máa ṣe àmín.

Lọ́dún àkọ́kọ́, yàrá kan ni mo gbà nínú ilé àjọgbé. Mo gbàgbé ara mi lọ́jọ́ kan, mo pàtẹ́wọ́ sí orin. Ẹni tó wà ní yàrá kejì gbá ògiri lẹ́ẹ̀mẹta. Kò bú mi o, ó fẹ́ sùn ni. Ṣùgbọ́n ó tó oṣù mẹ́fà kí n tó tún kọrin sókè. Ní Bàrígà, ìyá tó wà ní yàrá òdìkejì máa ń bá wa gbe orin láti ojú fèrèsé rẹ̀ ni.

Síbẹ̀, mi ò kábàámọ̀. Mo ti rò ó dáadáa. Ìṣẹ́jú 20 yẹn ni gbogbo àkókò tí a fi ń rí bàbá wa lóòjọ́, torí kó tó dé lálẹ́ a ti sùn. Èmi ni mò ń lọ mú àwọn ọmọ mi nílé ìwé ní aago 3:15. A jọ ń jẹun, wọ́n ń ro ẹjọ́ ọjọ́ wọn fún mi. Mi ò lè fi ìyẹn sílẹ̀.

Aago 6:30 ìrọ̀lẹ́ là ń ṣe àdúrà báyìí, kí n tó jáde. A máa ń pe ìyá mi lórí WhatsApp. Láti ìparí oṣù Kẹta dé ìparí oṣù Kẹwàá, aago kan náà là ń lò. Nígbà òtútù, Èkó á fi wákàtí kan ṣáájú, ìyá mi á ti máa tòògbé. Agogo bàbá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa ń lù ú sétí fóònù. Ọmọ mi àgbà á wá ka Sáàmù 121 lédè Yorùbá, ẹsẹ 8 péré, á máa ṣì í pè, ìyá mi á máa tún un ṣe fún un. Lánàá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kó tó dé ẹsẹ 7. Gbogbo wa jókòó, a dúró de ìyá mi títí ó fi padà sórí fóònù.