Fèrè Ide Kan Náà, Iṣẹ́ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ní ìsìnkú àgbàlagbà kan ládùúgbò wa ní oṣù tó kọjá, a ti ń gbọ́ báńdì kí a tó rí pósí. Trọ́mpẹ́ẹ̀tì méjì ló di ohùn orin ìyìn náà mú, trọ́mbóònù ń gbè wọ́n, túbà sì ń kùn nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kankan níbẹ̀. Ariwo ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ kò rí wọn gbé ṣe, nítorí pé ìta gbangba ló yẹ irú fèrè bẹ́ẹ̀ jù. Ìdí nìyí tí àwọn ológun àti ọlọ́pàá fi ń fi í yan.

Nínú ọ̀kẹ́sírà ilẹ̀ Yúróòpù, sùúrù ni olórí iṣẹ́ afọnfèrè ide. Nínú Sínfónì Karùn-ún Beethoven, orin ọ̀kẹ́sírà alápá mẹ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ lù ní gbangba ní 1808, àwọn tó ń fọn trọ́mbóònù yóò káwọ́ gbera títí apá mẹ́ta yóò fi parí; ìgbà tí apá kẹrin bá bẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fèrè sẹ́nu.

Ẹni tí háíláìfù tọ́ dàgbà kò lè fara da irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Victor Olaiya, tó papòdà ní 2020, a máa fi trọ́mpẹ́ẹ̀tì kọrin bí ó ti ń fi ẹnu kọ ọ́. Bí ohùn bá sinmi, fèrè a gbà á. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fela ti ṣeré kí ó tó lọ sí Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, trọ́mpẹ́ẹ̀tì ni ó sì lọ kọ́ níbẹ̀.

Àmọ́ nínú Áfróbíìtì tí Fela dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹlẹ́gbè ni fèrè dà. Trọ́mpẹ́ẹ̀tì Tunde Williams, ọmọ báńdì Fela, àti àwọn sasofóònù a jọ fọn gbólóhùn kúkúrú kan, wọn a tún un fọn, wọn a sì fi dá olórin lóhùn. (Àwọn onímọ̀ ka sasofóònù mọ́ ìdílé fèrè onígi, nítorí pé esùsú pẹlẹbẹ ló ń gbọ̀n lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe ètè afọnfèrè. N kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n létí tèmi, ide ni.) Bí ẹnìkan bá bọ́ síta láti dá fọn tirẹ̀, gbólóhùn yẹn náà ni yóò padà wá bá.

Nígbà tí báńdì ìsìnkú wa yà sí ojúlé olóògbé, ọ̀kan nínú àwọn afọntrọ́mpẹ́ẹ̀tì fi orin ìyìn sílẹ̀, ó kó wọnú háíláìfù, túbà sì tẹ̀ lé e láìbéèrè. Àwọn ọmọ òkú bẹ̀rẹ̀ sí náwó fún un.