Ẹ bá mi dúpẹ́ o, wọ́n ti rí ohun tó ń lé àyà mi ní eré

Àlùhámúdùlílàhì o! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí wọ́n ní ayé ló ń dà láàmú ló ń tẹ nǹkan yìí láti ìsọ̀ ẹja lọ́jà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́ níbí.

Nǹkan yẹn kì í kìlọ̀. Mo lè máa ha ìpẹ́ ẹja lọ́wọ́, àyà mi á kàn ki eré mọ́lẹ̀, ọrùn mi á máa mì tí àwọn kọ́sítọ́mà á máa wò mí, ojú mi á ṣú, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lójijì náà ló máa dáwọ́ dúró lójijì, ìtọ̀ á wá máa gbọ̀n mí lemọ́lemọ́. Ìyá ọkọ mi ní àsàsí ni, nọ́ọ̀sì kan ní ìrònú ni. Ká tó dé ọsibítù ó ti lọ, ECG (àyẹ̀wò tó ń ya bí àyà ṣe ń lù sórí bébà) á mọ́ tónítóní, wọ́n á ní kí n lọ sinmi.

Ọjọ́ tí Ọlọ́run máa ṣe é, iwájú dókítà ló ti kì mí. 190 ni àyà mi ń lù ní ìṣẹ́jú kan! Wọ́n ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú síríńjì, wọ́n dá mi dùbúlẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi sókè, kò gbọ́. Ni wọ́n bá gún mi ní abẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ adenosine. Ha! Wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé á ṣe mí bí ẹni fẹ́ kú fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, mo ti ń pe kàlímà ṣáá, àfi wìì, eré àyà náà dáwọ́ dúró.

Dókítà yìí ò wá ní kí n máa lọ ilé. Ó ní abẹ́rẹ́ yẹn ń dí ojú ọ̀nà tí iná tó ń mú ọkàn lù ń gbà láti òkè ọkàn dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tó bá jẹ́ òkè nìkan ló ń ṣe wàhálà, lọ́pọ̀ ìgbà òkè á ṣì máa sáré lọ, ìsàlẹ̀ nìkan láá dákẹ́. Tèmi dáwọ́ dúró pátápátá, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ojú ọ̀nà yẹn gan-an wà nínú ọ̀ràn náà. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ ọ̀nà àlékún tí wọ́n bí mi mọ́, àfi kí wọ́n wo inú.

Ọkọ mi ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ (Ọlọ́run á dá a padà fún un ní ìlọ́po), a gba Èkó lọ. Wọ́n ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba iṣan abẹ́ itan mi dé inú ọkàn, ojú mi là kedere, wọ́n wá mọ̀ọ́mọ̀ dá eré yẹn sílẹ̀! Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ọ̀nà méjì ló wà lójú kan ṣoṣo, ọ̀kan yára, ọ̀kan falẹ̀, iná á gba èyí tó falẹ̀ sọ̀kalẹ̀, á gba èyí tó yára gòkè padà, á wá máa pòòyì bíi dánfó tó sọnù ní raundabaut. AVNRT ni wọ́n ń pè é. Wọ́n jó èyí tó falẹ̀, wọ́n tún gbìyànjú láti dá eré sílẹ̀, kò dìde mọ́.

Ẹni tí tiẹ̀ bá ń ṣe báyìí, ẹ sọ ti ọrùn àti ti ìtọ̀ yẹn fún dókítà, kẹ́ ẹ sì sáré lọ ṣe ECG nígbà tó bá ń ṣe yín lọ́wọ́, ẹ má dúró kó rọlẹ̀. Sàráà wà nílé wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ o, ẹ wá jẹ àkàrà.