Àyẹ̀wò Ọdún 2024: Àwọn Ọmọ Offaly Gbé Ife Wálé

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka àyẹ̀wò ọdún mi mọ̀ pé iṣẹ́, ilé àti ìlera ni mo sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́ tán. Iṣẹ́: ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo wà lọ́dún tó kọjá náà ni mo ṣì wà. Ilé: owó ilé tún gbẹ́nu sókè, a ò sì tíì rí ibòmíràn kó lọ. Ìlera: ọpẹ́ ni. Ó parí.

Hurling ló gba ìyókù ọdún náà lọ́wọ́ mi, pàápàá ti àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ẹ fara dà á fún mi.

Fún ẹni tí kò rí i rí: èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń ṣeré ní apá kọ̀ọ̀kan, oníkálukú di igi kan mú tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n ń fi gbá bọ́ọ̀lù aláwọ kékeré kan tó le koko, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ sliotar. Òpó ojúlé wọn dà bíi lẹ́tà H. Bọ́ọ̀lù tó bá gba abẹ́ igi ìdábùú kọjá, góòlù ni, póìntì mẹ́ta. Èyí tó bá gba òkè rẹ̀ láàárín òpó méjèèjì, póìntì kan. Nítorí náà, bí ẹ bá rí 2-20 lára pátákó, góòlù méjì àti póìntì ogún ni, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 26. Ọmọ á gbé bọ́ọ̀lù lé ẹnu igi, á máa sáré tete lọ pẹ̀lú rẹ̀, ẹlòmíràn á sì máa na igi lé e lẹ́yìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹ̀jẹ̀ Jésù ni mo ń ké. Láti 2010 ni àṣíborí ti di dandan fún gbogbo ẹni tó bá wọ pápá, tọmọdé tàgbà. Ìyẹn nìkan ló jẹ́ kí n lè máa là ojú wò ó.

Kaùntì Offaly la wà, ní àárín gbùngbùn Ireland, nítòsí Tullamore. Kaùntì kékeré ni. Ìkànìyàn 2022 fi hàn pé àwọn ará ibẹ̀ lé díẹ̀ ní 83,000. Àwọ̀ ewé, funfun àti àwọ̀ wúrà ni aṣọ wọn. Bí oòrùn bá ti ṣá wúrà ara rẹ̀ díẹ̀, ẹni tó bá jìnnà á ní Super Eagles ló ń bọ̀.

Ọdún yìí ni àkọ́bí mi bọ́ sí under-13. Títí ọmọ á fi kọjá under-12, òfin wọn ni pé kò sí ife, kò sí tábìlì, gbogbo ọmọ tó bá wá gbọ́dọ̀ ṣeré. Ètò tó dára ni lójú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo àwọn ọmọ náà ló ń ka póìntì sínú, tí wọ́n sì lè sọ ẹni tó borí fún ọ kí o tó tan mọ́tò. Ní under-13, kíkà bẹ̀rẹ̀ lójútáyé. Òjò ọdún yìí pọ̀, ẹrẹ̀ ò jẹ́ kí ẹ̀rọ ìfọṣọ wa sinmi, àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà sì wú kó tó yi. Ikọ̀ wọn ò dé àṣekágbá. Wọ́n sunkún nínú mọ́tò, lẹ́yìn náà wọ́n ní ebi ń pa àwọn.

Igi gan-an ni ìnáwó ibẹ̀. Ara igi ash ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, láti ìsàlẹ̀ ìdí rẹ̀ níbi tí gbòǹgbò ti tẹ̀ wọlé, kí ẹnu igi náà lè tẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ láìjẹ́ pé wọ́n gé iṣan rẹ̀. Àrùn kan tó ń pa igi ash wọ Ireland ní 2012, ó sì ti ba igbó jẹ́ káàkiri. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ nínú igi tí wọ́n ń lò ti ń wá báyìí, àwọn agbẹ́gi kan sì ti ń fi ọparun ṣe tiwọn. Bí igi bá kán lọ́wọ́ ọmọ, àwọn ọmọ yòókù á máa yọ̀, bí ẹni pé ó pa ẹran ńlá. Ìyá rẹ̀ ló mọ ohun tó kán.

Ohun kan tí ojú mi ò tíì mọ́ ni bí àwọn ọmọ ṣe ń pe àwọn kóòṣì wọn lórúkọ gbalaja. Bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún! Mo ti ní kí ọmọ mi máa fi "Kóòṣì" síwájú. Ó ń ṣe é, bàbá náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù karùn-ún, ìyá mi pè mí láti Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí mo dúró létí pápá. Mo ní ọmọ wọn ló ń ṣeré, mo sì ṣàlàyé irú eré tó jẹ́ fún wọn. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni, "Àwọn àgbà tó ń gbá a ńkọ́, èló ni wọ́n ń san fún wọn?"

"Màámi, wọn kì í san kọ́bọ̀ fún wọn."

"Àwọn wo? Àwọn tí o ní èèyàn ń kún pápá wò?"

"Àwọn náà ni, mà. Pápá wọn tó tóbi jù ní Dublin ń gba èèyàn 82,300, ó sì máa ń kún."

Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Wọ́n wá ń fi igi fọ́ ara wọn lórí lọ́fẹ̀ẹ́? Ìwọ náà sì mú ọmọ mi lọ síbẹ̀?"

Àwọn òbí Yorùbá níbí náà ti bi mí ní irú ìbéèrè yẹn. Wọ́n ní kí ọmọ gbájú mọ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, torí ibẹ̀ ni Premier League wà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ ọmọ mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló ń dé ọ̀hún? Ẹni tó gbá hurling fún kaùntì rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó lè jẹ́ òun ni tíṣà tó máa kọ́ ọmọ rẹ lọ́jọ́ Ajé, tàbí ẹni tó ń wá tún wáyà iná ilé rẹ ṣe. Àdúgbò tí o ń gbé ni kíláàbù rẹ, ibi tí o ti dàgbà ni kaùntì rẹ. Kò sí olówó tó lè wá rà ọ́ lọ. Lójú tèmi, ohun tó jẹ́ kí n fi ọmọ mi síbẹ̀ gan-an nìyẹn.

Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni mo fi là á yé ìyá mi. Ìjẹ̀bú mọ̀ ọ́n: àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra á di ẹgbẹ́ kan, Awùjalẹ̀ á fún wọn lórúkọ, wọ́n á sì jọ máa dé ojúde Ọba títí ewú á fi bo orí wọn. Mo ní under-13, under-15, minor, under-20, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tò ó. Wọ́n ní, "Ó yé mi wàyí. Ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀." Wọn ò tún béèrè owó mọ́. Ẹgbẹ́ tiwọn náà ń múra nígbà yẹn. Ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí lọ́dún yìí, èyí tí Farooq Oreagba gun ẹṣin débẹ̀ tí gbogbo ayé ń pín fọ́tò rẹ̀ kiri.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Offaly. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni òté minor báyìí. Ní 2022, àwọn tí wọ́n bí ní 2005 dé àṣekágbá minor gbogbo Ireland pẹ̀lú Tipperary ní Nowlan Park, ní Kilkenny. Offaly ló wà níwájú nígbà tí eré ń lọ sópin. Góòlù Tipperary kan wọlé nígbà tí aago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó di 1-17 sí 1-16. Póìntì kan ṣoṣo! Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, púpọ̀ nínú wọn ti gòkè sí under-20, wọ́n sì tún dé àṣekágbá, ní Thurles. Cork na wọ́n, 2-22 sí 3-13. Nígbà tí 2024 fi máa bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ti ń sọ létí pápá pé àwọn ọmọ yìí dára ṣùgbọ́n orí ò bá wọn ṣe é.

Wọ́n gba ife Leinster, ìyẹn agbègbè Ireland tí Offaly wà. Nínú under-20, ẹni tó bá gba Leinster àti ẹni tó bá gba Munster, agbègbè tó múlé gbè é, ló máa ń pàdé fún àṣekágbá. Ta ló wá láti Munster? Tipperary. Níbo ni wọ́n gbé eré náà sí? Nowlan Park.

Wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì ti tán, àwọn tó wọlé sì lé ní 20,000, fún eré àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé e. Mi ò ráyè lọ, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá tí mo ń tọ́jú ní kí n yí i sí TG4, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Irish ṣàlàyé eré. Bàbá ò gbọ́ ju díẹ̀ lọ nínú rẹ̀, èmi ò gbọ́ ìkankan, kò sì dí wa lọ́wọ́. Bí ọmọ kan bá ti gbé bọ́ọ̀lù, bàbá á sọ abúlé rẹ̀ fún mi, á sọ ti bàbá rẹ̀, nígbà mìíràn ti bàbá bàbá rẹ̀. Adam Screeney, tí kò ga rárá, tí wọ́n bí sí apá Kilcormac, ló ń gbá póìntì wọlé láti ibi tí mo rò pé igun ò ní gbà á. Dan Ravenhill ń já gba àárín àwọn ọmọ Tipperary bọ̀. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, bàbá gbé ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n pátápátá. Ó ní òun ti rí ti 2022, òun ò fẹ́ rí i mọ́, kí n máa bá òun wò ó kí n sì máa ròyìn. Èmi! Mo ń ròyìn hurling fún ọmọ Offaly.

Offaly 2-20, Tipperary 2-14.

Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí Offaly gba ife yìí, ì báà jẹ́ ti under-20 ti ìsinsìnyí tàbí ti under-21 tó wà kí wọ́n tó yí i padà ní 2019. Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó sọ ti 1981, nígbà tí àwọn àgbà Offaly kọ́kọ́ gba ife gbogbo Ireland lọ́wọ́ Galway, tí Johnny Flaherty fi ọwọ́ ju góòlù sínú àwọ̀n. Ó sọ ti 1985, ti 1994. Orí 1998 ló pẹ́ sí: rẹfirí fọn fèrè ìparí nígbà tí àkókò ò tíì tó nínú eré wọn pẹ̀lú Clare, àwọn èrò Offaly bá rọ́ wọ pápá Croke Park, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ò dìde. Wọ́n tún eré náà gbá, Offaly borí, wọ́n sì gba ife lọ́wọ́ Kilkenny. Bàbá ní òun wà nínú àwọn tó jókòó. Nọ́ọ̀sì tó wọlé ní gbogbo àgbà Offaly ló ń sọ pé àwọn wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn 1998 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Ní 2018 àti 2019, wọ́n já àwọn àgbà wọn wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, títí wọ́n fi bá ara wọn ní ìpele kẹta. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti tún un kọ́, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé. Wọ́n ní pápá ìgbáradì tiwọn ní Kilcormac, Shane Lowry tó ń gbá gọ́ọ̀fù, ọmọ Clara níbí, sì fi orúkọ àti owó rẹ̀ tì wọ́n lẹ́yìn. Ní oṣù kẹfà kan náà tí àwọn under-20 gba tiwọn, àwọn àgbà gba Joe McDonagh Cup, ife ìpele kejì, lọ́wọ́ Laois, èyí tó máa dá wọn padà sáàárín àwọn ńlá ní 2025. Fún bíi ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn lè wọ̀ ní Tullamore kó ra búrẹ́dì kó jáde láìsọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin mi ń gbá camogie, ìyẹn hurling àwọn obìnrin. Ní 2024, skort ni wọ́n ṣì fi dandan lé e kí wọ́n máa wọ̀ gbá a, àdàlù síkẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé. Àwọn eléré fúnra wọn ò fẹ́ ẹ. Wọ́n dìbò lé e lórí lọ́dún yìí ní ìpàdé ńlá wọn, àbá pé kí wọ́n máa wọ ṣòkòtò péńpé sì ṣubú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ bi mí léèrè ìdí, mi ò rí nǹkan sọ.

Ọdún yìí ò rọrùn fún àwa tí a wá láti ibòmíràn. Ìrúkèrúdò Dublin ti oṣù kọkànlá 2023 ò tíì kúrò lára wa, àwọn kan sì ti tò síta ní ìlú púpọ̀ lọ́dún yìí láti tako ilé tí wọ́n fẹ́ fi àwọn tó ń tọrọ ààbò sí. Mo máa ń wo ojú èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò ní parọ́ pé hurling wo ìyẹn sàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé létí pápá, ohun tí wọ́n ń bi mí ni bóyá àyè ọmọ mẹ́ta ṣì kù nínú mọ́tò mi lọ sí Birr. Lee Chin, tí bàbá rẹ̀ wá láti Malaysia, ti ṣe kápútẹ́ènì Wexford. Stefan Okunbor tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ilé rẹ̀ ti gbá bọ́ọ̀lù Gaelic, eré ìbílẹ̀ Ireland mìíràn, fún Kerry. Àwọn ọmọ tiwa ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n sì ń bú rẹfirí ní ohùn Offaly tó dán mọ́rán.

Ti 2025: àwọn tí wọ́n bí ní 2005 ṣì ní ọdún kan sí i nínú under-20, lẹ́yìn náà ó tán fún wọn. Mo ti bẹ ọ̀gá mi kó má fi mí síṣẹ́ lọ́jọ́ àṣekágbá, bí a bá débẹ̀. Ìyá mi ní kí n fi ọjọ́ gbogbo eré wọn ránṣẹ́ sáwọn kí wọ́n lè fi sínú àdúrà. Ọmọ mi sì ti ga sí i, igi rẹ̀ ti kúrú fún un. Ẹni tó bá wà nítòsí Tullamore tó ní igi íńṣì 32 tí ọmọ rẹ̀ ò lò mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi kí January tó wọlé. Tó bá ti sán díẹ̀, mo mọ ẹni tó ń bá èèyàn fi páànù dì í.