Ohun tójú mi rí lórí netplan apply: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ọkún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ní mi ò ní kọ ọ́, àmọ́ ọjọ́ kẹta rèé, ó ṣì ń dùn mí. Mo sì mọ̀ pé ohun kan náà ni gbogbo àwa tá à ń bá àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti oníṣọ́ọ̀bù tọ́jú kọ̀ǹpútà láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀ ń ṣe: Linux la gbé lé e torí kò gbowó, SIM la fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì, a jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wa à ń wọnú ẹ̀rọ oníbàárà láti ọ̀nà jíjìn torí owó mọ́tò. Ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: tó bá jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ gbà wọnú ẹ̀rọ kan, ẹ má fi netplan apply yí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn padà (netplan ni ohun tí Ubuntu fi ń ṣètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì; apply ni kó ṣe ìyípadà náà lójú ẹsẹ̀, try ni kó dán an wò ná). netplan try ni kẹ́ ẹ lò. Try. Màá tún un sọ.

Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Ìsánlú tí mò ń bá wọn tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ 38 ló wà níbẹ̀ fáwọn ọmọ, sáfà kan ló ń pín ìbéèrè fún gbogbo wọn, Ubuntu Server 22.04, irú Linux kan, ló wà lórí ẹ̀. Ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ni sáfà yẹn ní, ọ̀kan lọ sídìí ráútà tí SIM wà nínú ẹ̀, ìyẹn ni mò ń pè ní ìta, èkejì lọ sí swíìṣì táwọn ẹ̀rọ ọmọ so mọ́, ìyẹn ni inú. Ẹ mọ̀ pé àwọn SIM wa yìí kì í fún èèyàn ní àdírẹ́sì tí wọ́n lè ti ìta bá a, torí náà mo gbé WireGuard sórí ẹ̀, ìyẹn ètò tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín ẹ̀rọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sáfà á so mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tí mò ń yá lóṣooṣù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi náà á so mọ́ ọn láti Kàbà, màá wá fi SSH, ètò tí wọ́n fi ń tẹ àṣẹ sórí ẹ̀rọ tó wà lọ́nà jíjìn, wọlé. Ó lé lọ́dún kan tó ti ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ni wọ́n bá ra ráútà tuntun. Àdírẹ́sì 192.168.1.x ni ráútà yìí ń pín, 192.168.1.x kan náà ni mo sì lò fún inú. Ìta àti inú wá di agboolé kan náà lójú sáfà, kò mọ ẹnu ọ̀nà tó yẹ kó gbà jáde mọ́, nígbà míì ó lọ, nígbà míì kò lọ. Mo ní kò burú, màá sọ àdírẹ́sì inú di 10.10.10.1/24, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Àárọ̀ ọjọ́ kejì làwọn ọmọ fẹ́ ṣe ìdánwò ìgbaradì UTME, aago mẹ́jọ, mo wá ní kí n tún un ṣe lálẹ́ kó má bàa dà wọ́n láàmú. Ire ni mo rò o. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò dúró dìgbà tí wọ́n bá ṣe é tán, mo ti bi ara mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi mí sílẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá díẹ̀. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo rí i pé mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé enp2s0, orúkọ tí Linux fún ọ̀kan lára ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjèèjì, ni inú. Mo pa gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì tó wà ní /etc/netplan, ibi tí netplan ti ń ka ètò, rẹ́, mo tẹ tuntun: enp2s0, 10.10.10.1/24, enp3s0, dhcp4: true, ìyẹn ni pé kó gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ ráútà. Mo fara balẹ̀ tò ó, mi ò lo táàbù torí YAML, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ fáìlì yẹn, kì í gbà á, àlàfo lásán ló ń fẹ́. Gbogbo ẹ̀ gún. Mo tẹ sudo netplan apply, mo tẹ Enter.

Ó dúró.

Mo tún tẹ Enter, kò sí nǹkan. Mo tẹ̀ ẹ́ bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin, kò mira. Mo ní bóyá dátà mi ló tán, mo ṣí nǹkan míì, ó ṣí wàrà. Mo wá ping sáfà yẹn, ìyẹn ni pé mo ké sí i bóyá á dáhùn, ìlà kan ò jáde, ìgbà tí mo dá a dúró ló kọ 100% packet loss síbẹ̀, kò dáhùn ìkankan. Ọwọ́ mi tutù. Èyí tó bà mí nínú jẹ́ jù ni pé mo mọ̀ pé kéèyàn pa á kó tún un tàn ò lè gbà mí, torí mo ti fi fáìlì yẹn pamọ́, òun náà ló máa kà tó bá jí. Ó dà bí ẹni tó ti ìta ti ilẹ̀kùn, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú.

Mo pe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Mo ní, "Ẹ kú alẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ti ba nǹkan jẹ́ lórí sáfà, mi ò sì lè wọlé mọ́." Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ẹnjiníà, àwọn òbí ti sanwó o. Àwọn ọmọ kan ń ti Ẹ̀gbẹ̀ bọ̀." Mo ní màá dé kí aago mẹ́jọ tó lù. Àmọ́ ta ló máa gba ọ̀nà yẹn lóru? Ẹ mọ̀ ọ́n. Mo jókòó ti fóònù mi, mi ò sùn.

Aago márùn-ún mo ti wà ní gáréèjì. Mọ́tò ò kún, mo sanwó àyè méjì tó kù kí dírẹ́bà lè gbéra, síbẹ̀ ìgbà tá a dé Mọ̀pà, ilẹ̀ ti mọ́ kedere, ìgbà tí mo fi wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ yẹn, aago mẹ́jọ ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Àwọn ọmọ ti jókòó. Gbogbo ẹ̀rọ ló tàn, ohun kan náà ló wà lójú gbogbo wọn, pé àwọn ò rí sáfà. Ọmọbìnrin kan tó wà níwájú, péńsù àti bébà ti wà níwájú ẹ̀, wò mí, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Sà, ṣé a ò ní ṣe é mọ́ ni?" Mi ò lè wo ojú ẹ̀. Sáfà ò ní mọ́nítọ̀, ti ọmọ kan ni mo fẹ́ yọ, kébù VGA ló ní, HDMI nìkan ló wà lẹ́yìn sáfà. Ẹ gbọ́ mi yé o, mo dúró síwájú ọmọ 38, mo mú kébù tí kò wọlé dání, ọ̀gá dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn ò bá mi wí, bí wọ́n tiẹ̀ bá mi wí ì bá sàn jù. Olùkọ́ kan ló sáré lọ yọ tẹlifísọ̀n kékeré nínú ọ́fíìsì wá.

Ìgbà tó tàn, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo fi tún un ṣe. Mo tẹ ip -br link, àṣẹ tó ń to gbogbo ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo yọ kébù ìta, mo wo èyí tó di DOWN, mo yí orúkọ méjèèjì padà nínú fáìlì, ó parí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni mo fi káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kejì sínú sáfà, torí USB la fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Àwọn orúkọ bí enp2s0 yìí, láti 2013 ni systemd, ètò tó ń tan Linux, ti gbé wọn jáde dípò eth0 àtijọ́: en ni Ethernet, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníkébù, p2 ni bọ́ọ̀sì PCI nọ́ńbà 2, ìyẹn ọ̀nà tí káàdì fi so mọ́ ẹ̀rọ, s0 ni ihò nọ́ńbà 0 tó wà níbẹ̀. Ibi tí káàdì jókòó sí ni orúkọ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi káàdì míì kún un, nọ́ńbà bọ́ọ̀sì lè sún, ti ara bọ́ọ̀dù tó ń jẹ́ enp2s0 sún di enp3s0, tuntun wá gba enp2s0. Lọ́jọ́ yẹn mo tún un ṣe nínú fáìlì, mi ò tún un ṣe nínú ìwé mi. Inú ni mo ń rò, ìta ni mo gé.

Torí náà, ẹ má gba ìwé gbọ́, ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ bi. Ẹ tẹ ip -br addr kẹ́ ẹ wo èyí tó di àdírẹ́sì tẹ́ ẹ gbà wọlé mú, kẹ́ ẹ tẹ ip route kẹ́ ẹ wo èyí tí default, ọ̀nà àbájáde sí íntánẹ́ẹ̀tì, ń gbà. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Ẹ sì lè fi match àti macaddress, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti káàdì fúnra ẹ̀, so orúkọ mọ́ káàdì nínú netplan pẹ̀lú set-name, káàdì tó bá sún, orúkọ ò ní sún. Tiwa ń jẹ́ ita àti inu báyìí, mo sì lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ẹ̀yìn sáfà, mo fi máákà kọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ máa da fáìlì kọ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, àmọ́ ẹ má fi ẹ̀dà yẹn sílẹ̀ nínú /etc/netplan pẹ̀lú .yaml nídìí ẹ̀, torí gbogbo .yaml tó wà níbẹ̀ ló máa kà pa pọ̀. Ẹ gbé e lọ síbòmíì.

Mo wá padà sí ti try. Tẹ́ ẹ bá tẹ sudo netplan try, ó máa ṣe ìyípadà yẹn lóòótọ́, ó sì máa dúró de Enter yín fún 120 ìṣẹ́jú àáyá. Tẹ́ ẹ bá ṣì wà nínú ẹ̀rọ, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó dúró. Tó bá ti gé yín, ẹ ò lè tẹ Enter, ó máa dá gbogbo ẹ̀ padà sí tàtijọ́ fúnra ẹ̀, ẹ̀ẹ́ tún wọlé. Ìṣẹ́jú méjì! Ìṣẹ́jú méjì ni ì bá ná mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Inú tmux, ètò tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ lórí sáfà bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ já, ni kẹ́ ẹ ti ṣe é kí SSH tó bá já má bàa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé e lórí bridge tàbí bond, ìyẹn tẹ́ ẹ bá so ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀ di ọ̀kan, kì í sábà lè dá ìyẹn padà.

Ẹni tó ń lo Debian, irú Linux míì, tó jẹ́ fáìlì /etc/network/interfaces ló ní dípò netplan, máa sọ pé òun ò ní try. Ẹ tẹ sudo shutdown -r +10 ná, kí ẹ̀rọ lè tún ara ẹ̀ tàn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, kẹ́ ẹ wá fi àṣẹ ip lásán ṣe ìyípadà yẹn láìfọwọ́ kan fáìlì. Ohun tẹ́ ẹ bá fi ip ṣe, bí ẹ̀rọ bá tún ara ẹ̀ tàn, ó ti lọ. Tẹ́ ẹ bá há síta, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá dáa, ẹ fi sudo shutdown -c fagi lé títàn yẹn, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sínú fáìlì.

Sátidé tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ yí ti ilé ẹ̀kọ́ kan ní Mọ̀pà padà, ráútà irú ẹ̀ ni wọ́n rà. Mo ti sọ fún olùkọ́ kọ̀ǹpútà wọn kó jókòó ti sáfà pẹ̀lú mọ́nítọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù, kó má dìde títí màá fi pè é. try náà ni màá tẹ̀.