Ìbọn Ìṣeré Tó Sọ Mí Di Alágbẹ̀dẹ

Kò sí ohun tó ṣe ìbọn airsoft mi tẹ́lẹ̀, ìyẹn ìbọn ìṣeré tó ń fi afẹ́fẹ́ yin ọta oníke. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ó ń yìn dáadáa, ọta rẹ̀ ń lọ tààrà, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àfi bí ojú mi ṣe wọ hop-up onírin kan tó ń dán yanranyanran. Mo wo oníke tó wà nínú tèmi, mo ní rárá o, èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ mi mọ́.

Hop-up yìí, ilé kékeré kan ni tó wà ní ìdí ọ̀pá inú ìbọn. Rọ́bà inú rẹ̀ ló máa ń tẹ ọta lórí bó bá ń kọjá, kí ọta lè máa yí sẹ́yìn bó ṣe ń lọ, kó má tètè já sílẹ̀. Ọta náà, ike roboto lásán, kò pé mìlímítà 6 géérégé: 5.95 ni. Ihò ọ̀pá tèmi jẹ́ 6.03. Àlàfo àárín wọn kò nípọn tó bébà kan. Inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ki ọwọ́ mi tó rí bí ọmọ odó bọ̀.

Mo tú ìbọn, mo yọ hop-up ti tẹ́lẹ̀ tòun ti ọ̀pá rẹ̀, mo fi tuntun tòun ti ọ̀pá tirẹ̀ sí i, mo dè é padà. Mo gbé màgasíìnì, àpótí tí ọta ń wà, sí i, kò wọlé. Mo tì í, ó kọ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, ọwọ́ ló dùn mí. Mo ní àwọn tó ṣe hop-up yìí ni kò mọṣẹ́. Ni mo bá mú sáńpépà. Mo fá etí màgasíìnì, mo fá ibi tí ìkọ́ ti ń gbé e dúró, mo fá a títí ike fi di ìyẹ̀fun sórí itan mi. Ó wọlé! Mo yìn ín: fùùù. Afẹ́fẹ́ lásán. Mo tún un yìn, ọta 2 jáde pọ̀, wọ́n rọra bọ́ sórí bàtà mi.

Mo yẹ inú rẹ̀ wò. Hop-up ń mì bí eyín àgbàlagbà. Mo wá téèpù funfun táwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ omi máa ń lò, mo wé e mọ́ ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, títí ọ̀pá náà fi dà bí ìka tí ọ̀bẹ gé.

Ẹnu iṣẹ́ yẹn ni àbúrò mi wọlé bá mi. Kò mọ nǹkan kan nípa ìbọn, ohun tó jẹ́ kó wù mí láti ṣàlàyé fún un nìyẹn. Mo gbé ọ̀pá ti tẹ́lẹ̀, mo fi ń tọ́ka bíi tíṣà.

"Ṣó o rí i, ibí yìí ló yẹ kí hop-up ti fara ti ẹnu tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Àwọn tó ṣe é ló ṣàṣìṣe."

Ó wò mí, ó wo ọwọ́ mi.

"Bọ̀dá mi, kí ni wáyà tó lọ́ mọ́ ọ̀pá tẹ́ ẹ mú dání yẹn?"

Sípíríǹgì ni. Sípíríǹgì tó yẹ kó máa ti hop-up sẹ́yìn kó lè lẹ̀ mọ́ ẹnu afẹ́fẹ́. Láti àárọ̀ ló ti jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀, tó ń wò mí bí mo ṣe ń fá nǹkan oní-nǹkan. Mo ní mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo kàn fẹ́ wò ó bóyá á rí i ni. Kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo já téèpù dànù, mo fi sípíríǹgì sí i, hop-up dúró gbọin. Ọta ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ gbogbo wọn ló ń ya apá òsì bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ìyẹn kò gba àkókò: rọ́bà ló yí. Ìlà kan wà lára rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ wọ ojú ihò ọ̀pá. Mo tún un tò, ọta sì ń lọ tààrà gẹ́lẹ́ bó ṣe ń lọ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ó wá ku màgasíìnì. Ibi tí mo fá kò lè hù padà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ síbi eré, mo ba sẹ́yìn ògiri, mo ń rọra mí, màgasíìnì já lulẹ̀ gbàgà! Ọta rọ̀ lé mi lórí bí òjò. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì ni mo fi ń gbá ìdí rẹ̀ mú tí mo bá ń yìn. Àwọn tá a jọ ń ṣeré rò pé bí àwọn ọ̀jáfáfá ṣe ń di ìbọn mú nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn ti ń fara wé mi.