Joênia Wapichana àti ọ̀rọ̀ orúkọ

Ọdún kẹfà mi rèé ní Brasília. Títílayọ̀ ni wọ́n sọ mí nílé, "Tchitchi" ni wọ́n ń pè mí níbí, torí ahọ́n àwọn ará Bràsíìlì kì í gbé "ti" bí tiwa. Ìyẹn kò bí mi nínú, tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n fi ń pè é. Ohun tó dùn mí wọra ni ti ọjọ́ tí mo lọ gba ìwé kan ní ọ́fíìsì ìjọba. Akọ̀wé tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wo orúkọ mi, ó wo ti ìyá mi (kò sí fọ́ọ̀mù tí wọn kì í ti í béèrè orúkọ ìyá ẹni níbí), ó mí kanlẹ̀, ó bi mí pé ṣé mi ò lórúkọ tó rọrùn ni. Nígbà tí ìwé jáde, "Titi" nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti gé ayọ̀ inú rẹ̀ dànù.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Roraima, ló rí mi tí mo ń sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ṣé o mọ Joênia?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ní báyìí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ Wapichana ni, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Bràsíìlì. Wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Roraima, ní ìpẹ̀kun àríwá níbi tí Bràsíìlì ti bá Guyana àti Venezuela pààlà. Joênia Batista de Carvalho ló wà nínú ìwé rẹ̀, orúkọ Àgùdà pọ́ńbélé, irú èyí tí ẹ máa gbọ́ ní Pópó Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ ló yàn láti máa jẹ́ níta. Ó parí ẹ̀kọ́ òfin ní 1997, ó sì di obìnrin ọmọ ìbílẹ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe lọ́yà ní Bràsíìlì.

Ilẹ̀ Raposa Serra do Sol ní Roraima ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ilẹ̀ náà tó mílíọ̀nù 1.7 hẹ́kítà. Ààrẹ Lula ti fọwọ́ sí i ní 2005 pé ti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn olóko ìrẹsì kọ̀, wọn ò kúrò. Ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ. Ní oṣù kẹjọ 2008, Joênia dìde níwájú àwọn adájọ́ nínú aṣọ lọ́yà dúdú, ó kun ojú rẹ̀ bí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ń kùn ún. Kò sí lọ́yà ọmọ ìbílẹ̀ tó bá ilé ẹjọ́ yẹn sọ̀rọ̀ rí. Èdè Wapichana ló fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fi èdè Potogí sọ fún wọn pé wọ́n ń pe àwọn lólè lórí ilẹ̀ àwọn fúnra àwọn. Ní oṣù kẹta 2009, ilé ẹjọ́ dá àwọn ọmọ ìbílẹ̀ láre.

Ní 2018, wọ́n dìbò yàn án sílé aṣòfin àpapọ̀. Láti ìgbà Mário Juruna, tó wọlé ní 1982, kò tún sí ọmọ ìbílẹ̀ kankan níbẹ̀, kò sì sí obìnrin wọn rí.

Òfin rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù dá lórí orúkọ. "Ọjọ́ Índio", ìyẹn ọjọ́ ará Íńdíà, ni wọ́n ń pe April 19 tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ta ni wọ́n wò? Columbus ló rò pé Íńdíà lòun gúnlẹ̀ sí! Joênia ní kí wọ́n pa á dà sí Ọjọ́ Àwọn Ẹ̀yà Ìbílẹ̀. Ààrẹ Bolsonaro kọ̀ ọ́, àwọn aṣòfin fagi lé kíkọ̀ rẹ̀, ó sì di òfin ní 2022. Àwọn kan ní kí ló kan orúkọ, nígbà tí àwọn tó ń wa góòlù ń ba odò àwọn Yanomami, ẹ̀yà ìbílẹ̀ mìíràn, jẹ́. Mi ò gbà. Ẹni tí o ò lè pe orúkọ rẹ̀, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ní ilẹ̀?

Joênia kò rí ìjókòó rẹ̀ gbà padà nínú ìbò 2022. Ní 2023, Lula fi í ṣe olórí FUNAI, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1967 lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Òun ni obìnrin ọmọ ìbílẹ̀ àkọ́kọ́ tó darí rẹ̀. Wọ́n yọ "Índio" kúrò lára orúkọ àjọ náà pẹ̀lú.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà sí ọ́fíìsì yẹn. Ní ẹ̀kẹta, wọ́n tún ìwé mi ṣe, gbogbo lẹ́tà pé, àmì ohùn nìkan ni kò sí. Mo ṣe ẹ̀dà kan, mo fi bírò kọ àwọn àmì náà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ránṣẹ́ sí màmá mi.